Ìgò Tí A Kì Í Dà Tán

Kí n tó la ẹnu, mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń wá. Ìtàn kọ́ lẹ ń wá. Bí wọ́n ṣe ń po àgbo ọlọ́tí lẹ fẹ́ mọ̀, kí ẹ lè lọ rọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké kí ẹ máa tà á fún àwọn dírẹ́bà. Ẹ ò ní rí i níbí. Orúkọ gbòǹgbò tí mo bá dá nínú ìtàn yìí kò ju èyí tí ìyá yín mọ̀ lọ. Ẹ má bínú sí mi. Ìfura loògùn àgbà, oògùn tí mo sì ti mu jù láyé mi nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ mi. Àgbo ọlọ́tí ni mo fi jẹun láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin títí orúnkún mi fi kọ̀ mí sílẹ̀. Gbòǹgbò, èèpo igi àti èso gbígbẹ ni, tí a rẹ sínú ògógóró títí agbára wọn fi wọ inú ọtí náà. Àwọn ọkùnrin ń mu ún fún ọpá ẹ̀yìn àti jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn obìnrin ń mu ún níwọ̀nba fún inú rírun àti fún ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó kàn fẹ́ mutí náà ń mu ún, àwọn yẹn á ní ẹ̀yìn ló ń dun àwọn.

Ọdún tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì tó bọ́ sápá ọ̀tún lójú títì ni mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó. Àǹtí mi tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣakí ní Mushin. Ìlú wọn ni Ṣakí, òun náà sì ni gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, wọ́n gba orógbó àti ìgò ọtí kan lọ́wọ́ àǹtí mi, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ìyá Ṣakí kò ga, wọn kò sanra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo ènìyàn, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ẹran tó jí nínú ìkòkò nígbà tó wà ní kékeré. Opó ni wọ́n. Mi ò rí ọmọ kankan tó wá kí wọn rí. Wọ́n ní yàrá méjì, ìsọ̀ kékeré kan níwájú ilé, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn oníbàárà, àti ahọ́n tó mú ju ọ̀bẹ lọ.

Odidi ọdún kan ni wọn ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọtí. Kí n fọ gbòǹgbò, kí n ha èèpo, kí n sá a sórí páànù, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ mi, eérú ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Bó bá di ọjọ́ Ajé, Ìyá á fi gèlè di ojú mi, wọ́n á máa fi èérún igi sí mi lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí lèyí?”

“Orín ata ni, Ìyá.”

“Èyí ńkọ́?”

“Ahùn ni.”

“Ẹ̀gbẹ́ wo lára igi ni wọ́n ti bó o?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá.”

Ìkó á dún lórí mi. “Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà oòrùn. Kò korò tó ẹ̀gbẹ́ kejì. Tún un tọ́ wò.”

Títí di òní olónìí, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yàtọ̀, tàbí wọ́n kàn ń dán mi wò. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi ń di ojú mi. Wọ́n ní, “Lẹ́kulẹ́ja á gé igi ìdáná fún ọ, á ní ọ̀gànwó ni. Ojú rẹ á gbà á gbọ́ nítorí pé ó jọ ọ́. Ẹnu rẹ nìkan ni kò ní tàn ọ́. Tọ́jú ẹnu rẹ.” Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí mo padà wá rántí rẹ̀.

Ìyá ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó ń kó ògógóró wá láti etídò bá gbé dúrọ́ọ̀mù sọ̀kalẹ̀, wọn ò ní kí wọn kú iṣẹ́ kí wọ́n tó bu ìwọ̀n ìdérí ìgò kan, kí wọ́n ṣáná sí i. Bí iná náà bá jó ní búlúù tí kò rú èéfín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dá dúrọ́ọ̀mù padà. Oníbàárà gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ̀n ife kékeré méjì ni ẹnikẹ́ni lè mu lọ́jọ́ kan, kó sì tó kan ẹnu, ó ti dáhùn ìbéèrè. Níbo ló ń dùn ọ́? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lo jẹ láàárọ̀? Ṣé àyà rẹ kì í já? Ṣé o gbé oògùn òyìnbó mì?

Lásìkò yẹn ni wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá nì ní Ìgànmú, àwọn káfíńtà àti bíríkìlà ibẹ̀ sì máa ń yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹjọ́ ni mo wá rò níbí ni?”

“Ẹjọ́ ni,” ni Ìyá wí. “Ara rẹ ló pè ọ́ lẹ́jọ́. Dáhùn.”

Ó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ wá kan Àgbà. Àgbà lorúkọ tí Ìyá ń pe ìgò kan tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá inú. Ìgò ńlá ni, ó ga tó orúnkún mi, wọ́n fi pankẹ́rẹ́ hun agbọ̀n bò ó lára dé ọrùn, ènìyàn ò lè rí inú rẹ̀. Ọdún tí Ìyá wọlé ọkọ ní Ṣakí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rẹ gbòǹgbò sí i, wọn ò sì dà á tán rí láti ìgbà náà. Bí a bá bu ife kan nínú rẹ̀, ife ọtí tuntun kan á rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìgò tí a ń tà níta, ife kan láti inú Àgbà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn, bí ẹni tó ń mú iná láti ààrò kan lọ sí òmíràn. Ìyá máa ń sọ pé ọtí tí kò bá kan Àgbà, ọtí lásán ni.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ bu ọtí kún Àgbà, Ìyá á ní kí n jáde. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹ ẹ̀kọ kan lọ, wọ́n á tún ṣí i. Mo ti ka gbòǹgbò tí a ń lò, méjìdínlógún ni. Ó hàn sí mi pé ìkọkàndínlógún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá mọ nǹkan náà, iṣẹ́ tí mo kọ́ kò pé.

Ní ọdún kẹta mi, òjò ńlá kan rọ̀, òrùlé sì ń jò sórí Àgbà. Èmi àti Ìyá gbé e kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo di ìsàlẹ̀ mú. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, nǹkan kan yí nínú rẹ̀, ó lu ara ìgò. Kò, kò.

“Ìyá, kí ló ń dún?”

“Ṣé etí lo fi ń kọ́ṣẹ́ ni? Gbé e.”

Bí wọ́n bá dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìtàn yìí kì bá tí gùn. Nǹkan líle ni, kì í ṣe gbòǹgbò, torí gbòǹgbò tó ti pẹ́ nínú ọtí á ti rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro egungun. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ní Mushin pé wọ́n ń wá ẹnìkan tí wọn ò rí. Mo ro ọkọ tó kú tí Ìyá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ro àwọn ọmọ tí mi ò rí. Mo ro ilẹ̀kùn. Ìyá máa ń fún mi ní àgbo mu bí inú bá ń run mí níparí oṣù. Mi ò mu ún mọ́. Mo ń dà á sídìí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń ṣọ́ igi náà bóyá yóò kú. Ọdún yẹn gan-an ló so jù.

Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Rísì, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa. A jọ ń jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì sọ ọ́ fún un. Mo ní nǹkan kan wà nísàlẹ̀ ìgò ńlá Ìyá Ṣakí, ó ń dún kò, kò, ó sì ń ṣe mí bíi pé egungun ni. Mo ní, “Rísì, jọ̀ọ́, àárín èmi àti ìwọ ni o.” Ó fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Mo mọ òwe yẹn kí n tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ti Múfú ṣẹlẹ̀. Fọ́kánísà ni Múfú, Ojúẹlẹ́gbà ló ti ń lẹ táyà, gbogbo Sátidé ló sì máa ń wá mu ife kan. Ó wá ní Sátidé yẹn, ó jókòó, Ìyá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn.

“Ẹ̀yìn ni, Ìyá. Táyà ọkọ̀ ńlá mẹ́rin ni mo tú lánàá.”

“Àyà ńkọ́?”

“Àyà mi le koko.”

“Oògùn òyìnbó?”

“Èmi? Owó dà?”

Ó mu ún, ó fi Ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn dé pé ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kò sì dìde mọ́.

Wọ́n sin ín. Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, lọ́sàn-án gangan, Ganíyù àbúrò rẹ̀ kó àwọn ọkùnrin bí ogún wá síwájú ìsọ̀ wa. Àwọn mìíràn mú ọ̀pá táyà lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi tún ń sọ pé lónìí ni mo máa rí ìsàlẹ̀ ìgò yẹn.

Ganíyù ní, “Ìyá, ẹ gbé ìgò ńlá tó wà níyàrá jáde. A ti gbọ́ pé egungun ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dún kò, kò.”

Ìyá yí ojú wọn, wọ́n wò mí. Ìwò yẹn kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi gbé e.”

A gbé Àgbà jáde sójú títì. Ìyá ní kí n di ìdí rẹ̀ mú, àwọn fúnra wọn ṣí i, a sì dà á sínú gọ́tà. Ọtí tó pọ́n bí omi èèpo ọ̀gànwó ni, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ó pẹ́ kó tó tán. Ọkùnrin kan nínú àwọn èrò náà, oníbàárà wa ni, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i. Bó ṣe gbẹ, gbòǹgbò dí ọ̀nà ọ̀fun ìgò náà. Ìyá na ọwọ́ sí Ganíyù, wọ́n gba ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ìgò náà fúnra wọn.

Nǹkan dúdú kan yí jáde láàárín gbòǹgbò. Kò tóbi ju orógbó lọ. Ganíyù mú un, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Kí lèyí?”

Bàbá kan tó máa ń lu ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ wà láàárín wọn. Ó gbà á, ó fi ha ara ògiri. Ó ní, “Ìdàrọ́ ni. Ìdọ̀tí tí irin máa ń yọ nínú iná àgbẹ̀dẹ ni. Àwọn ìyá wa máa ń fi sínú àgbo fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.”

Ìyá wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Iná ìkẹyìn tí ọkọ mi dá kó tó kú ni mo ti mú un. Alágbẹ̀dẹ ni.”

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ganíyù gbé ìdàrọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì, ó lọ. Kò sẹ́ni tó ní ká má bínú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ìyàwó Múfú wá kúnlẹ̀ fún Ìyá. Ó ní àyà ti ń dun ọkọ òun láti bí oṣù mẹ́fà, ó ń ra oògùn kéékèèké kiri, ó sì kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ ti kọjá, Àgbà sì ti lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a fọ́ ìgò, Ìyá bu oúnjẹ fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe gbà á, wọ́n ní, “Ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ pé ìgò yẹn ń dún. Èmi, ìwọ àti Ọlọ́run. Ọlọ́run kì í ṣòfófó.”

Wọn ò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Mo rò pé wọ́n á lé mi, wọn ò lé mi. Wọ́n ra ìgò mìíràn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bu ọtí kún un. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, wọ́n gbàdúrà fún mi níwájú àǹtí mi, wọ́n fi ìdàrọ́ náà wé bébà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo fi ẹ̀rù bi wọ́n, mo ní, “Ìyá, ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Èyí tí mo gbé sí ọ lẹ́nu, o ò lè tọ́jú rẹ̀. Jẹ́ kí èyí tó kù máa bá mi lọ.”

Ó sì bá wọn lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n kú, ní Ṣakí.

Èmi dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀ ní Sùúrùlérè, lọ́nà Ìtìrẹ́. Mi ò ní ròyìn gbogbo ẹ̀. Mo rí ìgbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odó, tí ẹ̀rọ náà sì ń gbé èérún ata tí àwọn ẹlòmíràn lọ̀ wọ inú gbòǹgbò mi. Mo rí ìgbà tí ṣùkù àgbàdo tí a fi ń dé ìgò di ìdérí ràbà. Jálá ràbà dé, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ẹ fi ahọ́n tọ́ ọtí tó bá sùn nínú rẹ̀ wò kí ẹ tó bá mi jiyàn. Mo ra ìgò ńlá oníṣẹ́ pankẹ́rẹ́ kan, mo fi ìdàrọ́ sí i, mo kó gbòǹgbò méjìdínlógún sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mu ti Ìyá rí á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́, o gbìyànjú.” Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Mo fi ẹ̀ẹ̀rù sí i, mo fi kànáfùrù sí i, mo fi nǹkan tí mi ò lè dárúkọ sí i. Mi ò rí i. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò pé, èmi náà ń ti ilẹ̀kùn. Bí mo bá fẹ́ bu ọtí kún ìgò, màá ní kí ọmọ iṣẹ́ jáde, màá fi ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹ ẹ̀kọ kan dúró síbẹ̀, màá ṣí i. Gbogbo àdúgbò gbà pé mo ní àṣírí.

Ọmọ iṣẹ́ mi ìkẹyìn ni Bùkọ́lá, obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ti bímọ méjì. Ọdún mẹ́fà ló fi bá mi ṣe é. Nígbà tí orúnkún mi ní òun ò ṣe mọ́, mo ní kó wá gba iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ti kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ó ku ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.”

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá.”

“Rísì kọ́?”

“Ta ń jẹ́ Rísì, Màmá?”

Mo rántí pé Rísì ti kú tipẹ́. Mo fa Bùkọ́lá wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí ìgò, mo gbé ọwọ́ lé ẹnu ìgò náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Bùkọ́lá wo ọwọ́ mi, ó ṣófo. Ó wo ojú mi.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá?”

“Kò sí.”

“Ẹnu yín ń mì. Kí lẹ ń sọ?”

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ń mì. Gbólóhùn kan náà ni mo ti ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn láti ọdún tí mo ti ní ìsọ̀ tèmi: “Ìyá, ẹ forí jì mí, èmi ni mo sọ ọ́.” Mi ò sọ ọ́ nígbà ayé wọn. Ó lé ní ọdún kan tí mo tún gbé nílé wọn lẹ́yìn ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn, kò sí àárọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Àwọn náà kò béèrè. Mo wá rí i nísinsìnyí pé wọ́n ń dúró dè mí ni.

Bùkọ́lá jókòó sórí jálá. Ó ní ṣé ohun tí òun náà á máa sọ nìyẹn.

Mo ní, “Tìrẹ, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, má wá sídìí ìgò. Lọ bá a nílé.”

Ó nu ojú, ó dìde láti bá mi gbé ìgò sáàyè rẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń gbé e láti ọdún mẹ́fà, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án rí. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan yí nísàlẹ̀.

“Màmá, kí ló ń dún?”

Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọlé, kó sì jókòó padà. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí alágbẹ̀dẹ Ṣakí títí dé orí ẹ̀wà tí èmi àti Rísì jọ jẹ.